Ọmọ mi fẹ́ kọ́ sàíkọ́lọ́jì ní yunifásítì: AP wo ni kó mú?

Ìyá Mofẹ́
Ọjọ́ Ajé, 6:52 àárọ̀

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará. Amẹ́ríkà la wà, ọmọ mi obìnrin sì wà ní kíláàsì 10, kíláàsì 12 ló máa fi parí girama. Ọjọ́ Ẹtì yìí ló gbọ́dọ̀ fi ìwé sílẹ̀ nípa àwọn kọ́ọ̀sì tó máa ṣe ní kíláàsì 11, orí sì ti ń fọ́ mi láti àná. Ó ní sàíkọ́lọ́jì lòun fẹ́ kà ní yunifásítì. Bàbá rẹ̀ ní kí ló fẹ́ fi ṣe, èmi ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Ẹjọ́ ìyẹn ti parí, ẹ má bá mi dá a sílẹ̀ níbí.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, AP ni àwọn kọ́ọ̀sì onípele yunifásítì tọ́mọ girama lè ṣe, 1 sí 5 sì ni èsì ìdánwò wọn. Ilé ìwé wọn ní AP Psychology, Statistics, Biology, Calculus AB, English Language, US History, Computer Science Principles àti Seminar. Olùkọ́ rẹ̀ kan ní kó ṣáà ti mú AP Psychology, ó tán. Ọ̀rẹ́ mi níbi iṣẹ́ ní rárá, Calculus ni. Ọmọ yìí mọ̀wé kọ, ó fẹ́ràn ìwé kíkà, ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ ìṣirò báyìí, ojú rẹ̀ á fà ro. Ó máa parí Algebra 2 lọ́dún yìí. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba ọ̀nà yìí kọjá, èwo ni kó mú, mélòó ni kó mú, èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Bàbá Tóbi
Ọjọ́ Ajé, 7:20 àárọ̀

Gbogbo rẹ̀ ni kó mú, Ìyá Mofẹ́. Tóbi tiwa mú mẹ́fà ní kíláàsì 11. Iye AP làwọn yunifásítì ńlá ń kà. Ọmọ tó mú méjì ò lè bá ọmọ tó mú mẹ́fà du àyè. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ ìsinmi tàn yín jẹ.

Àdùkẹ́ Ọdún Kẹta
Ọjọ́ Ajé, 8:05 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Sàíkọ́lọ́jì gan-an ni mò ń kà, mo ti wà ní ọdún kẹta. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà tí mo wà ní ipò Mofẹ́.

Mo ṣe AP Psychology, mo gba 5. Mo rò pé mo ti mọ sàíkọ́lọ́jì tán. Yunifásítì mi fún mi ní kírẹ́dítì kọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, ìyẹn ni pé wọ́n kà á sí pé mo ti ṣe é, mo fò ó, mo ń yan. Nígbà tó di ọdún kejì ni wọ́n kó Statistics àti kọ́ọ̀sì ọ̀nà ìwádìí síwájú wa. Kò sẹ́ni tó ń gboyè sàíkọ́lọ́jì lọ́dọ̀ wa láì ṣe méjèèjì, bó sì ṣe rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì nìyẹn. Ibẹ̀ ni àwa tí a torí "mo fẹ́ ran èèyàn lọ́wọ́" wá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wa. Mẹ́ta nínú àwọn tí a jọ ń jókòó ló yí ẹ̀ka padà kí ọdún náà tó tán.

Sàíkọ́lọ́jì tí wọ́n ń kọ́ wa kì í ṣe kéèyàn fẹ̀yìn ti àga kó máa gbọ́ ìṣòro ẹni ẹlẹ́ni. Ìwádìí ni. Ẹ wò ó báyìí: ẹnì kan sọ pé àwọn ọmọ tó ń sùn dáadáa ló ń gba máàkì tó dáa. Ṣé oorun ló fún wọn ní máàkì ni, àbí ilé tó tòrò ló jẹ́ kí wọ́n rí oorun sùn, tó sì tún jẹ́ kí wọ́n ráyè kàwé? Pé nǹkan méjì ń rìn pọ̀ kò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Kéèyàn tó lè mọ òótọ́, ó ní láti pín àwọn èèyàn sí ọ̀wọ́ méjì láìmọ̀ọ́mọ̀ yan ẹnikẹ́ni, bí ìgbà tí a bá ń ju owó ẹyọ sókè. Kí ọ̀wọ́ kan sùn, kí èkejì má sùn tó bẹ́ẹ̀. Kó wá wò ó bóyá ìyàtọ̀ tó jáde ju èyí tó lè ṣèèṣì wáyé lọ. Gbogbo ohun tí mo sọ yìí, inú AP Statistics ló wà. Ẹ̀yin òbí ń rò pé àfikún algebra ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ó ṣírò díẹ̀, ẹ ó wá fi gbólóhùn tó já gaara ṣàlàyé ohun tí ìṣirò náà ń sọ àti ohun tí kò sọ. Ọmọ tó mọ̀wé kọ lè gbádùn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Tó bá jẹ́ èmi ni: Statistics, lẹ́yìn náà Psychology, lẹ́yìn náà Biology. Ìpín àkọ́kọ́ nínú AP Psychology dá lórí ọpọlọ àti àwọn iṣan tó ń jíṣẹ́ fún un. Ẹni tí kò mọ nǹkan kan nínú bàólójì, ńṣe ló máa ń há orúkọ sórí bí ẹyẹ odídẹrẹ́.

Káyọ̀dé Onímọ̀ Ẹ̀rọ
Ọjọ́ Ajé, 9:31 àárọ̀

Àbúrò Àdùkẹ́, o ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n mi ò gbà. Àwọn tó ń gba ọmọ wọlé mọ̀ pé ẹni tó sá fún Calculus sábà máa ń sá sínú Statistics. Bákan náà, ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì kan wà tí oyè BS wọn, oyè àkọ́kọ́ ti sáyẹ́ǹsì, ní Calculus nínú. Tọ́mọ náà bá wá fẹ́ yà sí ìmọ̀ ọpọlọ ńkọ́? Ṣé ó máa padà wá bẹ̀rẹ̀ Calculus lọ́mọ ogún ọdún? Ẹ jẹ́ kó jìyà rẹ̀ nísinsìnyí.

Ìyá Kòfo
Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Kí ló dé tí gbogbo yín ń sọ AP, AP bí ẹni pé òun nìkan ló wà? Kòfo mi ò ṣe AP Psychology rárá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba tó wà nítòsí wa ló lọ, ó jókòó sí kíláàsì sàíkọ́lọ́jì àkọ́kọ́ wọn nígbà tó ṣì wà ní girama, ilé ìwé ló sì san owó rẹ̀. Nígbà tó parí, kírẹ́dítì ti wọlé. Kò sí pé à ń dúró de ìdánwò ọjọ́ kan ní oṣù karùn-ún kí gbogbo iṣẹ́ ọdún kan má baà lọ lásán. AP, bọ́mọ bá ṣàìsàn láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ó di ìjà.

Agbaninímọ̀ràn Girama
Ọjọ́ Ajé, 5:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Iṣẹ́ ìgbaninímọ̀ràn ní ilé ìwé girama ni mò ń ṣe, ọdún kẹrìnlá rèé. Gbogbo yín ti fọwọ́ kan òótọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tó yẹ ká tún ṣe.

Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́ sà, kì í ṣe iye lásán ni wọ́n ń kà. Bí a bá fi ìwé èsì ọmọ ránṣẹ́, ìwé mìíràn wà tí ilé ìwé ń fi tẹ̀lé e, tó ń ṣàlàyé iye AP tó wà nílé ìwé náà àti iye tí wọ́n gbà kọ́mọ mú. Inú ohun tí ilé ìwé ọmọ fi síwájú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wò ó. Ọmọ tó mú mẹ́rin tó sì ṣe dáadáa nínú wọn sàn fún mi láti kọ̀wé fún ju ẹni tó mú méje tí máàkì rẹ̀ wá ń yọ̀ bọ́.

Ẹ̀gbọ́n Káyọ̀dé, òótọ́ lẹ sọ tó bá jẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí ètò ọrọ̀ ajé lọmọ fẹ́ kà. Fún sàíkọ́lọ́jì, Statistics kì í ṣe ìsákúsàá. Ohun tí iṣẹ́ náà ń lò gan-an ni. Síbẹ̀, bó bá ń fojú sọ́nà fún àwọn yunifásítì tí wíwọlé wọn le, mi ò ní sọ pé kó fi ìṣirò gbogbogbò sílẹ̀. Ohun tí ẹ ò tíì rí ni pé méjèèjì ò ní láti máa jà. Ẹni tó ti parí Algebra 2 ti lè ṣe AP Statistics. Mofẹ́ lè ṣe é ní kíláàsì 11 pọ̀ mọ́ Precalculus, ìṣirò tó máa ń ṣáájú Calculus. Ní kíláàsì 12, bó bá rí i pé ìṣirò ò pa òun, Calculus wà níbẹ̀. Bó bá sì pa á, ó ti ní Statistics lọ́wọ́.

Biology ńkọ́? Kó má mú AP Biology kó tó ṣe bàólójì àti kẹ́místrì lásán, èyí tí kì í ṣe AP. Àwọn ọmọ tó fo kẹ́místrì máa ń rì lórí ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì àti enzyme láàárín oṣù méjì àkọ́kọ́. Kíláàsì 12 ni mo máa fi sí.

Nǹkan kan tún wà táwọn òbí kì í rò. Oṣù karùn-ún ni ìdánwò AP, oṣù keje ni èsì ń jáde. Èyí tọ́mọ bá ṣe ní kíláàsì 12, yunifásítì ti gbà á tàbí kọ̀ ọ́ kí èsì náà tó dé. Ó wúlò fún kírẹ́dítì nìkan. Máàkì inú kíláàsì ni wọ́n máa rí. Nítorí náà, AP tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n rí èsì ìdánwò rẹ̀, kíláàsì 11 tàbí kó ṣáájú rẹ̀ ni kó ti ṣe é.

Ìyá Kòfo, ọ̀nà tiyín dáa, mo máa ń dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀: máàkì tọ́mọ bá gbà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ti di ti kọ́lẹ́ẹ̀jì títí ayé. Bó bá gba C, ó máa kọ ọ́ sílẹ̀ níbi gbogbo tó bá ti ń wá àyè, títí kan ìgbà tó bá ń wá oyè kejì. Èsì ìdánwò AP, ọmọ ló ń pinnu èyí tó máa fi ránṣẹ́.

Wálé
Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́

Ẹ̀ ń da ara yín láàmú. AP Psychology ni AP tó rọrùn jù. Ìbéèrè 100 tí wọ́n ti kọ ìdáhùn sí kéèyàn mú ọ̀kan, A sí E, ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ àtijọ́ bíi Pavlov àti ajá rẹ̀, Skinner àti ẹyẹlé rẹ̀, kéèyàn há ọ̀rọ̀ tuntun sórí, ó tán. Ọmọ mi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kà á lórí káàdì, ó gba 4.

Dúró Kíláàsì 12
Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ sà. Ẹ má bínú, ìyẹn ti yí padà. Èmi ṣe é ní oṣù karùn-ún tó kọjá. Ìbéèrè 75 ni, ìṣẹ́jú 90, mẹ́rin péré ni ìdáhùn tẹ́ ẹ máa mú nínú rẹ̀, orí kọ̀ǹpútà la sì ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìpín mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀ ti di márùn-ún: ọpọlọ àti ara, ìrònú àti ìrántí, ìdàgbàsókè àti ẹ̀kọ́ kíkọ́, àwùjọ àti irú ẹni téèyàn jẹ́, ìlera ọkàn àti ti ara.

Apá kejì ló pa àwọn tó fi káàdì kà á. Ìbéèrè méjì ni, ìṣẹ́jú 70. Ní ti àkọ́kọ́, wọ́n fún wa ní àkékúrú ìwádìí kan, wọ́n ní ká sọ irú ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é, kí ni wọ́n fi wọn ohun tí wọ́n ń wá, kí ni nọ́ńbà yìí túmọ̀ sí, ṣé wọ́n ṣe ẹ̀tọ́ fún àwọn tí wọ́n lò, àwọn wo sì ni àbájáde náà lè bá wí. Ní ti èkejì, wọ́n kó ìwádìí mẹ́ta síwájú wa, wọ́n ní ká dá àbá kan, ká sì fi ẹ̀rí inú wọn gbè é lẹ́sẹ̀. Mo ń ṣe Statistics lọ́dún kan náà, òun ló yọ mí.

Wálé
Ọjọ́ Ajé, 9:10 alẹ́

Ó dáa, ọmọ mi ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ṣe é. Mo gbà fún ọ.

Àdùkẹ́ Ọdún Kẹta
Ọjọ́ Ajé, 9:44 alẹ́

Ẹ ṣeun, Agbaninímọ̀ràn. Mo fẹ́ fi kún un: ẹ má fojú kéré AP English Language. Kì í ṣe ìtàn àròsọ ni wọ́n ń kà níbẹ̀, bí èèyàn ṣe ń gbé àríyànjiyàn kalẹ̀ ni. Iṣẹ́ kan wà tí wọ́n máa kó ìwé kéékèèké fún ọmọ, kó fi wọ́n kọ èrò tirẹ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí nìyẹn. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n mọ bàólójì bí ẹni mowó ṣùgbọ́n tí wọn ò lè kọ ojú ewé mẹ́ta tó dán mọ́rán, ojú wọn rí màbo.

Seminar náà dáa, bí ilé ìwé bá ní AP Research tó máa tẹ̀lé e, níbi tọ́mọ ti ń ṣe ìwádìí tirẹ̀. Ọmọ kan ní ilé ìwé wa ṣe ìwádìí lórí bí orin ṣe ń bá ìwé kíkà jà, ó fi ọdún kan gbáko kọ ọ́, ó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọ̀rọ̀ sí ẹgbẹ̀rún márùn-ún, ó sì dúró níwájú àwọn olùkọ́ dáhùn ìbéèrè. Kó tó fún ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ẹyọ kan ní ìwé ìbéèrè, ìgbìmọ̀ ní láti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i pé kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí àwa ń ṣe ní yunifásítì gan-an nìyẹn. Ṣùgbọ́n láìsí Research, mi ò ní torí Seminar nìkan fi English Language sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:30 àárọ̀

Mo ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn. Ìyá Mofẹ́, ẹ bi ọmọ yín léèrè irú "sàíkọ́lọ́jì" tó wà lọ́kàn rẹ̀. Dókítà ọpọlọ tó ń kọ oògùn, ilé ìwé ìṣègùn ló gbà kọjá. Onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó ń tọ́jú aláìsàn, oyè ọ̀mọ̀wé ló ń gbà kó tó rí ìwé àṣẹ lọ́pọ̀ ibi. Oyè àkọ́kọ́ nìkan ò fúnni ní ìwé àṣẹ.

Bó bá jẹ́ ọ̀nà ìṣègùn ni, àwọn ilé ìwé ìṣègùn kan kì í gba kírẹ́dítì AP dípò bàólójì àti kẹ́místrì yunifásítì, ó máa tún wọn ṣe. Kó má fò wọ́n. Láti ọdún 2015 ni MCAT, ìdánwò ìgbàwọlé sí ilé ìwé ìṣègùn, sì ti ní apá kan tó jẹ́ ti sàíkọ́lọ́jì àti ẹ̀kọ́ àwùjọ, torí náà ìmọ̀ yìí ò ní ṣòfò lọ́nàkọnà.

Àbẹ̀ní
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀

Bàbá Tóbi, mo ń dúró kí ẹ sọ ìyókù ìtàn náà. Àdúgbò kan náà la wà o.

Bàbá Tóbi
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 ìrọ̀lẹ́

Àbẹ̀ní, o ṣeun ooo.

Ó dáa. Tóbi mú mẹ́fà, òótọ́ ni. Títí di oṣù kìíní, aago méjì òru ló ń sùn. Ìyá rẹ̀ ń pariwo, mo ní kó fi í sílẹ̀, ọkùnrin ni. Nígbà tó di oṣù kejì, ó ti ń sùn nínú kíláàsì. Ó gba 5 nínú méjì, 3 nínú méjì, 2 nínú méjì tó kù, ìdánwò kọ̀ọ̀kan sì sún mọ́ ọgọ́rùn-ún dọ́là. Yunifásítì tó wà níbẹ̀ báyìí ń bèèrè 4 fún èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, nínú mẹ́fà, méjì ló fún wa ní kírẹ́dítì. Ó ṣì wọlé o. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í láìpẹ́ yìí ohun tó rántí nínú AP US History, ó ní ìrora ọrùn.

Ìyá Mofẹ́, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ má mú gbogbo rẹ̀.

Agbaninímọ̀ràn Girama
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:03 alẹ́

Bàbá Tóbi, ọ̀wọ̀ yín ga lójú mi sí i.

Ọ̀rọ̀ 4 tí ẹ mẹ́nu bà ṣe pàtàkì. Yunifásítì kan á gba 3, òmíràn 4, òmíràn 5 nìkan, àwọn kan ò sì ní fún ọmọ ní kírẹ́dítì rárá àfi kí wọ́n jẹ́ kó bẹ̀rẹ̀ láti kíláàsì tó ga díẹ̀. Ìgbà míì, yunifásítì lápapọ̀ gbà á, ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì ní àwọn ò gbà á fún oyè tiwọn. Ìkànnì College Board, àwọn tó ni AP, ní ibi téèyàn ti lè tẹ orúkọ yunifásítì kó rí ohun tí wọ́n ń gbà. Lẹ́yìn rẹ̀, kẹ́ ẹ tún lọ wo ìkànnì ẹ̀ka náà fúnra rẹ̀. Ẹ mú yunifásítì márùn-ún tọ́mọ fẹ́ràn, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ kan ṣe é.

Ìyá Mofẹ́
Ọjọ́bọ̀, 9:20 alẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni o, gbogbo yín. A jókòó lálẹ́ àná, èmi, bàbá rẹ̀ àti òun. A wo yunifásítì márùn-ún. Mẹ́rin nínú wọn fi Statistics sínú ohun tí gbogbo ọmọ sàíkọ́lọ́jì gbọ́dọ̀ ṣe, ìkarùn-ún pè é ní orúkọ míì ṣùgbọ́n nǹkan kan náà ni. Bàbá rẹ̀ dákẹ́ nígbà tó rí i pé ìṣirò wà níbẹ̀. Ó jọ pé ohun tó ń dà á láàmú látẹ̀yìnwá nìyẹn, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀.

Ohun tá a fẹnu kò lé lórí fún kíláàsì 11: AP Statistics, AP Psychology, AP English Language. Precalculus àti kẹ́místrì lásán tẹ̀lé e. Biology di kíláàsì 12. US History, ti lásán ló máa ṣe. Ó fẹ́ fi kíláàsì àwòrán yíyà sílẹ̀ kó lè ráyè, mo ní kó dúró kí n bi yín.

Nọ́ọ̀sì Bísí
Ọjọ́bọ̀, 9:41 alẹ́

Kó má fi í sílẹ̀ o! Ẹ bi Tóbi.

Bàbá Tóbi
Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́

Kó má fi í sílẹ̀.

Káyọ̀dé Onímọ̀ Ẹ̀rọ
Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Mo rí i pé Precalculus wà níbẹ̀. Mo lè sùn báyìí. Ẹ rántí pé ìforúkọsílẹ̀ fún ìdánwò fúnra rẹ̀ yàtọ̀ sí ti kíláàsì: inú oṣù kọkànlá ni wọ́n ń ti í pa, tẹ́ ẹ bá sì pẹ́, owó á gun orí owó.

Mofẹ́
Ọjọ́bọ̀, 10:32 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ mà, ẹ kú alẹ́ sà. Èmi ni Mofẹ́, fóònù Mọ́mì ni mo fi ń kọ ọ́. Ẹ ṣeun. Àǹtí Àdùkẹ́, mo ní ìbéèrè kan: ṣé wọ́n máa ń jẹ́ ká lo ẹ̀rọ ìṣirò nínú ìdánwò Statistics, àbí orí la fi ń ṣe é?

Àdùkẹ́ Ọdún Kẹta
Ọjọ́bọ̀, 10:40 alẹ́

Wọ́n ń jẹ́ kí ẹ lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, Mofẹ́, èyí tó ń ya àwòrán pàápàá. Ẹ̀rọ á ṣe ìṣirò. Ìwọ lo máa kọ ohun tó túmọ̀ sí.